Obìnrin Tó Ra Ìwúkàrà Àwọn Júù ní Peckham

Ìtàn mẹ́ta ni mo gbọ́ nípa Aunty Mìsítúrà Ajíbóyè kí n tó rí i sójú. Ẹni àkọ́kọ́, tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin Peckham Rye ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ní wọ́n mú un níbi tó ti ń jí oúnjẹ àwọn ọmọ iléèwé kó. Ẹnì kejì ní irọ́ ni, pé ńṣe ni àwọn Júù fẹ́ lé e nítorí pé Mùsùlùmí ni. Ẹnì kẹta rẹ ohùn sílẹ̀, ó wẹ̀yìn kó tó sọ̀rọ̀: "Ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Obìnrin yẹn ló ni iléèwé náà. Ìwé rẹ̀ wà nílé rẹ̀."

Mi ò gba ọ̀kankan gbọ́. Olè kì í gbé ẹrù jáde lọ́sàn-án gangan níwájú kámẹ́rà. Iléèwé tó bá fẹ́ lé Mùsùlùmí kò ní fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n rò ó. Ẹni tó bá sì ni iléèwé kò ní máa wọ bọ́ọ̀sì ní ìdájí lọ fọ ìkòkò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwé yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tó bá ń pa irọ́ lásán kì í sábà fi ìwé kún un.

Ìwé náà wà lóòótọ́. Ní ìparí oṣù kẹrin ọdún 2023, mo lọ bá Aunty Mìsítúrà gẹ́gẹ́ bí oníròyìn ní fúláàtì rẹ̀ ní àjà kẹta. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, ará Ìwó, obìnrin kúkúrú tó ń wo ojú ènìyàn tààrà bó bá ń sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Nusaybah, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Surrey Quays, jókòó tì í bí lọ́yà.

"Mummy, ẹ má sọ̀rọ̀ púpọ̀ o. Ẹ ò mọ ẹni tó rán an wá."

"Ta ni yóò rán an? Ṣé o ò rí bàtà rẹ̀ ni? Àwọn tí wọ́n ń rán níṣẹ́ máa ń wọ bàtà gidi."

Ó gbé fáìlì kan wá láti inú yàrá, ó yọ ewé kan nínú rẹ̀, ó sì ní kí n kà á. Rábì Avigdor, olùkọ́ ẹ̀sìn àwọn Júù, ló fọwọ́ sí i ní orúkọ Shaked, iléèwé Júù tí Aunty Mìsítúrà ti ń se oúnjẹ, ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ṣòro: iléèwé ti ta gbogbo ìwúkàrà tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ńlá àti fìríìsà búrẹ́dì ilé ìdáná rẹ̀ fún Mísíìsì Mìsítúrà Ajíbóyè. Ó ti san pọ́n-ùn kan sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè wọlé nígbàkígbà tó bá wù ú, kí ó sì lo ohun tó rà bó ṣe fẹ́. Èyí tó bá lò, yóò san iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà nígbà tí wọ́n bá wá ra ìyókù padà lẹ́yìn ọdún Ìrékọjá.

Ẹni tó bá ti ka Bíbélì tàbí tó gbé nítòsí ẹni tó ń kà á yóò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Nígbà Ìrékọjá, Júù kò gbọ́dọ̀ jẹ ìwúkàrà fún odindi ọjọ́ mẹ́jọ. Kò tilẹ̀ gbọ́dọ̀ ní in. Búrẹ́dì, fúláwà, sẹ̀mó, mákàróní, bísíkíìtì, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Ẹni tó ń dá gbé lè jẹ tirẹ̀ tán tàbí kó sun ún. Iléèwé tó ń bọ́ igba ọmọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń tà á fún ẹni tí kì í ṣe Júù, tí wọ́n á sì rà á padà nígbà tí ọdún bá parí. Ní Shaked, Aunty Mìsítúrà ló ń rà á.

Lọ́dún yìí, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà, ó sì kó lára ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Iléèwé pè é ní olè. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé, kó sì wá jẹ́jọ́ ní ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, àbùkù olè yóò sì tẹ̀ lé orúkọ rẹ̀ débi pé kò sí iléèwé kankan tí yóò tún jẹ́ kó súnmọ́ ọmọ wọn.

"Iṣẹ́, mo lè rí òmíràn," ó ní. "Orúkọ ńkọ́? Ṣé wọ́n ń tà á lọ́jà Lewisham ni?"

Mo ní kó sọ bó ṣe dé Shaked fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo lọ wádìí ohun tó sọ lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn, nítorí pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn máa ń rántí àwọn ọdún rere ju bí wọ́n ṣe rí lọ.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1998 ni iléèwé náà bẹ̀rẹ̀, nínú gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn Rye Lane, pẹ̀lú ọmọ méje. Àwọn ìyá mẹ́rin ló dá a sílẹ̀. Ó ti sú wọn láti máa gbé ọmọ sọdá odò Thames láràárọ̀ lọ sí àríwá Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí iléèwé Júù pọ̀ sí. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, àwọn ló ń lo gbọ̀ngàn náà. Lọ́jọ́ Àìkú, ìjọ aláṣọ funfun kan ló ń gbà á. Ẹni tó ń gbálẹ̀ fún àwọn méjèèjì ni ọmọ Mùsùlùmí ará Ìwó yìí.

"Ní alẹ́ Sunday, màá ṣa àbẹ́là, màá ṣí fèrèsé kí òórùn tùràrí lè jáde, torí àwọn Júù ń bọ̀ lọ́la. Ní Friday, màá gbá èérún búrẹ́dì àwọn Júù, torí àwọn wòlíì ń bọ̀. Àwọn ìjọ á ní kí n má fọwọ́ kan pẹpẹ àwọn. Àwọn Júù á ní kí n má fọwọ́ kan ìwé àwọn. Mo ní ta ló fẹ́ fọwọ́ kàn án? Bùrọ́ọ̀ṣì ni mo dì mú."

Ní oṣù kẹta tí iléèwé bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kó máa bá wọn se oúnjẹ. Ibẹ̀ ni òun àti Rábì Avigdor ti kọ́kọ́ jà. Láràárọ̀, Rábì yóò wọlé, yóò tan iná gáàsì, yóò sì jáde láìsọ̀rọ̀. Aunty Mìsítúrà ní òun fara dà á fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ni òun dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn.

"Mo ní, Rábì, ṣé ẹ rò pé igi la ṣì fi ń dáná ní Ìwó ni? Mo mọ gáàsì tàn o."

Rábì wá jókòó, ó ṣàlàyé fún un pé òfin àwọn ni pé Júù ni kó tan iná oúnjẹ tí ẹlòmíràn bá fẹ́ sè fún Júù. "Mo ní, háà, ìyẹn ò le. Àwa náà, ẹni tó pa ẹran la kọ́kọ́ ń béèrè kí á tó jẹ ẹ́."

Mo bi Rábì léèrè bóyá bó ṣe rí nìyẹn. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni báyìí, ó sì ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n títà ìwúkàrà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọjọ́ kẹta ni," ó ní, "kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kẹta. Ó sì bínú ju bó ṣe sọ fún ẹ lọ. Ó mú ìgbákọ dání."

Ní 1999, Rábì ta ìwúkàrà fún un fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọmọ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀ nígbà náà, ìwúkàrà náà kò sì ju páálí méjì lọ. Ní 2004, wọ́n kó lọ sí ilé ìfọṣọ àtijọ́ kan nítòsí pápá Peckham Rye, wọ́n sì ti di mẹ́tàlélógójì. Ní 2010, ìjọba gbà láti máa gbọ́ bùkátà iléèwé náà, ó sì ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ọmọ tí kì í ṣe Júù pẹ̀lú. Bí àwọn ọmọ Yorùbá ṣe wọlé nìyẹn. Lónìí, ọmọ igba ó lé mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀. Nínú kíláàsì kan tí mo wò, ọmọ Aládùúrà ni Shiloh àti Zion, ìbejì ni wọ́n. Àwọn ọmọ Júù tó jókòó tì wọ́n ń jẹ́ Ben àti Lucy.

Ohun mìíràn tún wà tó ń dàgbà pẹ̀lú iléèwé náà, tí kò sí nínú ìwé ìtàn tí wọ́n tẹ̀ fún àwọn òbí. Ní gbọ̀ngàn, kọ́kọ́rọ́ kan ni wọ́n ní, ó máa ń wà lábẹ́ ìkòkò òdòdó. Ní ilé ìfọṣọ, ó di mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni ọgbà irin dé, lẹ́yìn rẹ̀ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn rẹ̀ kámẹ́rà, lẹ́yìn rẹ̀ káàdì tí òṣìṣẹ́ ń fi kọ́ ọrùn. Ìdí wà fún un. Ẹni tó bá ka ìròyìn mọ ohun tí àwọn tó kórìíra Júù ń ṣe sí iléèwé wọn. Ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n ń fi ṣọ́ ìta ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ inú. Nígbà tí Mísíìsì Frayne dé bí ọ̀gá iléèwé ní 2019, ìyípadà yẹn ti parí. Júù ni òun náà, ṣùgbọ́n inú ìdílé tí kò ka irú òfin wọ̀nyẹn sí ni wọ́n bí i. Ó sọ fún mi fúnra rẹ̀ lẹ́yìn náà pé ọ̀kan lára àwọn fọ́ọ̀mù ọdọọdún ni òun ka títà ìwúkàrà sí.

Lọ́dún 2023, Àwẹ̀ Ràmàdánì àti Ìrékọjá bọ́ sí àkókò kan náà, ọdún Àjíǹde àwọn Kìrìsìtẹ́nì sì bọ́ sáàárín wọn. Aunty Mìsítúrà ló ń se oúnjẹ ìṣínu ní gbogbo ọjọ́ Ajé ní mọ́sálásí kan lẹ́bàá Old Kent Road, fún nǹkan bí àádọ́rùn-ún ènìyàn. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin, ó débẹ̀ lọ́sàn-án, ó bá àpò sẹ̀mó kan ṣoṣo. Ẹni tó yẹ kó ra ọjà ti gbàgbé pé ilé ìtajà ńlá tí wọ́n ti ń rà á yóò tì lọ́jọ́ Ajé ọdún Àjíǹde.

"Gbogbo wọn ń wo ara wọn," ó ní. "Ọ̀kan ní ká fún wọn ní dàbínù kí wọ́n máa lọ sílé. Mo ní, àádọ́rùn-ún èèyàn? Àwọn tó ti shift bọ̀? Ni mo bá rántí pé èmi náà ní sẹ̀mó. Mo ní odindi kọ́bọ́ọ̀dù."

Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Shaked. Iléèwé wà ní ìsinmi, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ó fi káàdì rẹ̀ ṣí géètì, ó gé tépù tó wà lára kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i. Ọkùnrin méjì láti mọ́sálásí gbé ọkọ̀ akẹ́rù kékeré wá bá a. Wọ́n kó àpò sẹ̀mó mẹ́fà, páálí mákàróní mẹ́rin àti àpò fúláwà méjì. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú méjìlá ni kámẹ́rà kọ. Ìkòkò mọ́sálásí kéré, ti iléèwé tóbi, ṣùgbọ́n kò mú ọ̀kan.

"Kí ló dé?" mo bi í.

"Ìkòkò ò sí nínú ìwé."

Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà bóyá ìdáhùn yẹn dán jù. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ọ́fíìsì tì, àti pé Rábì wà ní ọsibítù. Òtítọ́ ni èyí, Rábì ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kejì Ìrékọjá, egungun ìbàdí rẹ̀ sì dá. Mo ní ó lè kọ ìwé kékeré sínú kọ́bọ́ọ̀dù náà.

"Bó o bá lọ ra búrẹ́dì, ṣé o máa ń kọ lẹ́tà sí ẹni tó tà á pé o ti jẹ ẹ́?"

Nusaybah rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Nínú àwòrán kámẹ́rà tí wọ́n fi hàn mí lẹ́yìn náà, obìnrin náà wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé àpò àkọ́kọ́. Mo bi í nípa ìyẹn pẹ̀lú.

"Ilẹ̀kùn yẹn máa ń padà dé. Mo ń wá nǹkan tí màá fi dá a dúró. Ẹ̀yin oníròyìn yìí sá, bí èèyàn bá sín, ẹ ó ní ó ní ìdí."

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ kejì tí Ìrékọjá parí, ni Moyọ̀sọ́rẹ wá tún ilé ìdáná ṣe. Òun ni ìyá Shiloh àti Zion, ó sì ti bá Aunty Mìsítúrà ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Ó rí tépù tó já, ó rí pẹpẹ tó ṣófo, ó sì pe Mísíìsì Frayne. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Mísíìsì Frayne ti wo kámẹ́rà, ó sì ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Aunty Mìsítúrà pé kó má wá síbi iṣẹ́ mọ́ títí wọn yóò fi pè é.

Mo bá Moyọ̀sọ́rẹ lẹ́nu géètì nígbà tó wá mú àwọn ọmọ rẹ̀.

"Èmi ò pè é ní olè o. Ohun tí mo sọ ni pé tépù já."

"Ṣé ẹ ní nọ́mbà fóònù Aunty?"

"Mo ní in."

"Kí ló dé tẹ́ ò kọ́kọ́ pe Aunty?"

Ó fa báàgì Zion mọ́ra. "Brother, bí mo bá pè é, tí wọ́n wá ní a jọ mọ̀ ọ́n ńkọ́? Èèyàn dúdú méjì nínú ilé ìdáná kan. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó."

Mo rò ó.

Ọjọ́ Ìtúnu Àwẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹrin. Ọjọ́ yẹn gan-an ni lẹ́tà ọ̀sẹ̀ tí iléèwé ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo òbí sọ pé "wọ́n ń wádìí ẹrù tí wọ́n kó kúrò ní ilé ìdáná." Wọn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti wà ní ilé ìdáná náà fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn tó wá bá Aunty Mìsítúrà ṣọdún ti rí lẹ́tà náà lórí fóònù kí wọ́n tó jókòó sídìí oúnjẹ. Nusaybah ní ẹnì kan béèrè bóyá ẹran tí wọ́n gbé síwájú òun ti iléèwé wá.

Wọn kì í jẹ́ kí oníròyìn wọ irú ìgbẹ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo kọ síhìn-ín ni ibi tí ọ̀rọ̀ Aunty Mìsítúrà, ti Rábì àti ti Kóyọ̀dé ti bára mu. Kóyọ̀dé ni olùtọ́jú ilé ní Shaked, òun sì ni aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó bá a wọlé. Ibi tí àwọn mẹ́ta ti yàtọ̀, mo fi í sílẹ̀.

Mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ iléèwé ló jókòó gbọ́ ẹjọ́. Mísíìsì Frayne fi àwòrán kámẹ́rà hàn wọ́n, ó sì bi Aunty Mìsítúrà pé ta ló fún un láṣẹ.

"Ìwé yín ni."

"Mísíìsì Ajíbóyè, gbogbo wa la mọ̀ pé àṣà lásán ni ìwé yẹn."

"Èmi ò mọ̀. Wọn ò kọ àṣà lásán sí i."

Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n mú un ló rántí ìwé. Ìbéèrè tèmi náà nìyẹn láti ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn. Kóyọ̀dé wá ṣí fáìlì náà. Kì í ṣe ewé kan tí wọ́n fi hàn mí nílé nìkan ló wà níbẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni, ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Ó gbé ti 1999 síwájú wọn. Wọ́n ti fi bírò fa ìlà gba orí ọ̀rọ̀ kan kọjá, àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n pa rẹ́ ni "ìgò wísíkì mẹ́rin."

Rábì Avigdor, tó fi ọ̀pá méjì rìn wọlé láti wá jẹ́rìí, ló ṣàlàyé. Wísíkì náà wà lára ohun tó yẹ ní títà, nítorí ọkà ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí kọ̀. "Ó ní, 'Èmi ò ra ọtí. Bí mo bá rà á, tèmi ni, Ọlọ́run yóò sì bi mí.' Mo ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, ọjọ́ mẹ́jọ péré ni. Ó ní, 'Bí mo bá kú lọ́jọ́ kẹrin ńkọ́?' Láti ọjọ́ náà, ọ̀tọ̀ ni a ń ta wísíkì. Ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà ló ń rà á."

Ọmọ ìgbìmọ̀ tó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan béèrè bóyá ọkùnrin náà lè mu ún bó bá wù ú.

"Ó mu ún," Rábì fèsì. "Ní 2006. A ò bá ìgò kan. Kò sẹ́ni tó pè é ní olè."

Rábì wá yíjú sí Mísíìsì Frayne, ó sì béèrè ohun tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó ti ronú kàn: "Ta ló rà á padà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Ọdọọdún, Rábì fúnra rẹ̀ ló máa ń lọ bá Aunty Mìsítúrà ní alẹ́ tí Ìrékọjá bá parí, tó máa ń dá pọ́n-ùn rẹ̀ padà fún un, tó sì máa ń gba kọ́kọ́rọ́. Lọ́dún yìí, ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó sì gbà pé ọ̀gá iléèwé ti ṣe é. Ọ̀gá iléèwé kò mọ̀ pé nǹkan kan wà láti ṣe. Ó ní kí wọ́n lọ mú kọ́kọ́rọ́ kejì láti ọ́fíìsì, kí wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, kí iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹrin ni iléèwé Shaked ti ń jẹ fúláwà, mákàróní àti bísíkíìtì Mísíìsì Ajíbóyè láìgba àṣẹ rẹ̀, ẹni tí wọ́n lé sílé nítorí pé ó jẹ lára rẹ̀.

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ni Rábì sọ.

Ìgbìmọ̀ dá a láre lọ́jọ́ náà. Mísíìsì Frayne tọrọ àforíjì, ó sì ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Mo ti ń kó ìwé mi jọ nígbà tí Nusaybah pè mí lórí fóònù: "Mummy ní àwọn ò ní ta ìwúkàrà náà padà fún wọn."

Aunty Mìsítúrà kò bínú nígbà tó ń ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Lẹ́tà ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi bà á lórúkọ jẹ́. Inú lẹ́tà ọ̀sẹ̀ náà ni kí wọ́n ti wẹ̀ ẹ́ mọ́, kí wọ́n sì dárúkọ rẹ̀. Mísíìsì Frayne ní lọ́yà àwọn kò fara mọ́ kí iléèwé máa dárúkọ òṣìṣẹ́. "Mo ní, ó dáa. Ẹ máa bá lọ́yà yín jẹun. Ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, tèmi ni."

Mo fura pé Rábì yóò bẹ̀ ẹ́. Kò bẹ̀ ẹ́. Ó mú tépù tuntun, ó ní kí Kóyọ̀dé bá òun di kọ́bọ́ọ̀dù náà àti fìríìsà búrẹ́dì pa, ó sì sọ fún ìgbìmọ̀ pé ẹni tó bá ṣí i láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín gbà, olè ni. Ọjọ́ mẹ́rin ni àwọn ọmọ igba ó lé mẹ́rìnlá fi jẹ ọ̀dùnkún àti ẹyin. Shiloh sọ fún ìyá rẹ̀ pé Ìrékọjá àwọn Júù yìí ti ń gùn jù.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù karùn-ún, lẹ́tà ọ̀sẹ̀ jáde. Gbólóhùn mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà. Ó sọ pé Mísíìsì Mìsítúrà Ajíbóyè kò jí ohunkóhun, pé tirẹ̀ ni ohun tó kó, pé iléèwé ló ṣe àṣìṣe, àti pé ó tọrọ àforíjì. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì bóyá lọ́yà ti fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́ sáàárín. Mi ò rí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n jẹ́ kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Rábì jókòó sórí àga. Mísíìsì Frayne wà níbẹ̀, àti Kóyọ̀dé. Moyọ̀sọ́rẹ wà nídìí ẹ̀rọ ìfọ-abọ́, ó kẹ́yìn sí gbogbo wa.

Aunty Mìsítúrà wọlé pẹ̀lú híjáàbù funfun. "Ẹ kú iṣẹ́ o," ó kí gbogbo ilé. Moyọ̀sọ́rẹ ní, "Ẹ káàárọ̀, mà," kò sì yíjú padà.

Rábì na owó pọ́n-ùn sí i. Kò gbà á. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí i." Kóyọ̀dé ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Aunty Mìsítúrà wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó gbé páálí kan sọ́tùn-ún, ó gbé òmíràn sósì.

"Èyí tí àwọn ọmọ jẹ, mo ti fi jì wọ́n. Ọmọ ni wọ́n." Ó yíjú sí Mísíìsì Frayne. "Bísíkíìtì tí ẹ fi mu tíì ní staff room ńkọ́?"

Mísíìsì Frayne pupa dé etí. "Èmi náà jẹ ẹ́," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mo gbọ́."

Kí ó tó tà, ó ní kí Mísíìsì Frayne ka ìwé náà sókè, láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Ó kà á. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹni tó rà á lè wọlé nígbàkígbà tó bá wù ú, ó gbójú sókè wo Aunty Mìsítúrà, ó sì ń kà á lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣírò ohun tí wọ́n sè ní mọ́sálásí, Aunty Mìsítúrà san án, Rábì dá pọ́n-ùn kan rẹ̀ padà fún un, àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí ìwé.

Ó ku kọ́kọ́rọ́. Aunty Mìsítúrà yọ ọ́ nínú báàgì rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ ìwé fún òun pé òun ti dá a padà, kí wọ́n kọ ọjọ́ àti aago sí i.

Rábì wò ó. "Mìsítúrà, o ò béèrè irú rẹ̀ rí láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Rábì," ó ní. Kò gbé ìka rẹ̀ kúrò lórí kọ́kọ́rọ́ títí Mísíìsì Frayne fi rí bírò.